Ṣé Dandan Ni Kí Wọ́n Kun Bàbá Lóorun?

Tí dókítà bá ní fáàfù ọkàn Bàbá ti le, pé wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀, ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé: "Tí wọ́n bá kùn wọ́n lóorun, ṣé wọ́n á jí?"

Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ èdè rí i pé ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà wá. Oògùn akunnilóorun la ń pe gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òmíràn kàn ń jẹ́ kí ojú ibì kan kú tipiri ni.

Lọ́dún 2002, ní Rouen nílẹ̀ Faransé, Dókítà Alain Cribier gba inú iṣan itan fi fáàfù tuntun sọ́kàn ọkùnrin ẹni ọdún 57 kan. Òun ni àkọ́kọ́. Wọn ò kùn ún lóorun wúwo. Ojú itan ni wọ́n pa kú, pẹ̀lú oògùn ìtura díẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún arúgbó tí ara rẹ̀ kò le. Àmọ́ dókítà akunnilóorun sábà máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n lè mú kí ọkàn sáré gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí fáàfù lè jókòó. Ìfúnpá á já wálẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ọ, tó ń ṣọ́ èémí. Ẹni tí kò bá lè sùn gbalaja láìmira lè nílò oorun wúwo.

Nítorí náà, ẹ béèrè pé: "Irú oorun wo ni?" Kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí Bàbá ń lò, títí kan àgbo tá a máa ń fi pamọ́. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ẹni dákẹ́.