Lẹ́tà Gbangba sí Mínísítà Àṣà Ilẹ̀ Benin: Ogun Odò Ouémé Kò Gbọdọ̀ Rì

Sí Mínísítà tó ń bójú tó Ìrìn-àjò Afẹ́, Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà, ní Kútọnu.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Ará Manigri ni mí, ní agbègbè Bassila, níbi tí a ò ti ń fojú rí òkun. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọmọ Manigri ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ ogun ojú omi lè bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀. Ó kàn mí. Lórí òkè Tanéka, nínú ẹkùn Donga wa níbí, ni odò Ouémé ti ṣẹ̀, òjò tó ń rọ̀ sínú igbó Bassila náà sì ń ṣàn lọ bá a. Nígbà tí yóò bá fi di Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kẹwàá, odò náà á kún bo etí rẹ̀ lọ́hùn-ún nísàlẹ̀, á máa ru lọ sí adágún Nokoué. Orí omi yẹn ni ogun tó gba ìjọba lọ́wọ́ Béhanzin, ọba Dàhòmì, gbà.

Ní ọjọ́ 27, Oṣù Kẹta, ọdún 1892, Victor Ballot tó jẹ́ aṣojú ìjọba Faransé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wọ ọkọ̀ ogun kékeré kan tó ń jẹ́ Topaze, ó gba ojú odò Ouémé gòkè. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti ń kó àwọn abúlé etí odò lẹ́rú, àwọn Faransé sì sọ pé abẹ́ ààbò àwọn àti Ọba Toffa ti Àjàṣẹ́ ni àwọn abúlé náà wà. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì yìnbọn lu ọkọ̀ náà láti etí omi. Ènìyàn márùn-ún fara gbọgbẹ́, Topaze sì yí orí padà. Ìjà kékeré ni lójú ẹni tó bá ń ka iye òkú, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ ni wọ́n gbé dé Paris. Kò pẹ́ tí wọ́n fi owó ogun lélẹ̀, tí wọ́n sì fa ogun lé Alfred-Amédée Dodds lọ́wọ́, ọmọ bíbí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí omi ṣe ṣe ogun yìí. Oṣù Kẹta jẹ́ ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Odò ti fà, ojú ibi tí ọkọ̀ lè gbà ti há, ẹni tó lúgọ sínú koríko etí odò sì sún mọ́ ọkọ̀ ju bí ọ̀gá ọkọ̀ ṣe lè fẹ́ lọ. Nígbà tí Dodds yóò fi kó ogun rẹ̀ gòkè odò, òjò òkè ti sọ̀ kalẹ̀, odò ti kún. Kò gba ọ̀nà Ouidah àti Allada wọlé bí ẹni tó mọ ilẹ̀ Dàhòmì yóò ti rò. Ó mú Ouémé ní ọ̀rẹ́: ọmọ ogun ń fẹsẹ̀ rìn létí odò, Topaze, Opale, Corail àti àwọn yòókù ń bá wọn lọ lójú omi pẹ̀lú àgbá, oúnjẹ àti ọta ìbọn, wọ́n sì ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ padà. Láìsí ìkún odò, ọ̀nà yẹn kì bá ti ṣí fún wọn bẹ́ẹ̀. Òjò wa wà nínú rẹ̀, yálà a fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí a kò fẹ́.

Ní ìdájí ọjọ́ 19, Oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun Béhanzin, tọkùnrin tobìnrin, já wọ àgọ́ àwọn Faransé ní Dogba. Wọ́n jà bí ẹni tí kò ní ilé mìíràn láti lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ọmọ ogun Faransé kan tó ń jẹ́ Faurax ti gba ọta tó pa á. Ṣùgbọ́n ìbọn àgọ́ àti àgbá ọkọ̀ ojú omi pọ̀ jù fún wọn. Lẹ́yìn Dogba, àwọn Faransé sọdá odò, ìjà sì ń gorí ìjà ní Oṣù Kẹwàá, títí wọ́n fi wọ Abomey, olú-ìlú Dàhòmì, ní ọjọ́ 17, Oṣù Kọkànlá, nígbà tí Béhanzin ti fúnra rẹ̀ ti iná bọ ààfin.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, mo mọ rírì ohun tí ìjọba ti ṣe. Ìṣúra 26 tí wọ́n kó lọ láti Abomey padà wálé láti Faransé ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ère obìnrin jagunjagun tó ga tó mítà 30 ti dúró ní Kútọnu láti ọdún 2022. Àwọn ààfin Abomey ti wà nínú ìwé ohun ìní àgbáyé UNESCO láti ọdún 1985. Ohun tó dùn mí ni pé ilẹ̀ nìkan ni a fi ń sọ ogun yìí. Ọmọ ilé-ìwé tó bá wo ère yẹn yóò mọ̀ pé obìnrin Dàhòmì gbé ìbọn. Ta ni yóò sọ fún un pé ohun tí obìnrin náà dojú kọ ní Dogba ni àgbá tó ń dún láti orí omi?

Àwọn kan yóò sọ pé ọkọ̀ amúnisìn ni Topaze, kí la fẹ́ fi ìrántí rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé ọlá fún un. Àmọ́ ẹ lọ bi Kétu. Dàhòmì fọ́ Kétu ní ọdún 1886, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Lẹ́yìn tí Béhanzin ṣubú ni àwọn tó kù nínú wọn rí ọ̀nà padà lọ tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ohun tí ọkọ̀ ogun yẹn jẹ́ fún ọmọ Kétu yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ fún ọmọ Abomey. Ó tún yàtọ̀ fún ọmọ Àjàṣẹ́ tí ọba rẹ̀ bá Faransé mulẹ̀, àti fún ará Wémè tí wọ́n jà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Èmi kò rí ibi tí a ti lè kó gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, bí kò bá sí ohun kan tí wọ́n lè jọ dúró yí ká.

Èkó náà ní irú ogun orí omi bẹ́ẹ̀. Ogun Agídìngbì ni wọ́n ń pe ìjà ọdún 1851, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde. Ní ọjọ́ 25, Oṣù Kọkànlá, àwọn ará Èkó lé wọn padà. Lẹ́yìn Kérésìmesì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tún kọlu ìlú náà, ọkọ̀ Teazer sì fi ìdí sọlẹ̀ lórí iyanrìn ọ̀sà lójú ìjà. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Orúkọ ogun náà ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, èyí sì ni gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ní.

Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ ogun àtijọ́, wọn kì í wo ẹni tó ṣẹ́gun nìkan. Wọ́n tọ́jú Melik, ọkọ̀ ogun odò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò ní Omdurman ní ọdún 1898, sí etí odò Naílì ní Khartoum, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi í ṣẹ́gun. Swídìn gbé ọkọ̀ ogun Vasa jáde ní ọdún 1961, ọkọ̀ tó rì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1628, ọdún 17 ni wọ́n sì fi ń wọ́n oògùn sí igi rẹ̀ kó má bàa sán. Mo mú Vasa wá nítorí ìkìlọ̀ tó wà nínú rẹ̀: igi tó ti pẹ́ lábẹ́ omi máa ń fọ́ bí oòrùn bá pa á lójijì, irin á máa dípẹtà. Ẹni tó bá fi okùn fa nǹkan jáde láti inú Ouémé kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà tó dé, ó ti bà á jẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju agbára ìjọba lọ. Benin ti fọwọ́ sí àdéhùn UNESCO ti ọdún 2001 lórí ohun ìní tó wà lábẹ́ omi láti ọdún 2011. Ohunkóhun tó bá ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lábẹ́ omi wà lábẹ́ àdéhùn yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n sì fún orílẹ̀-èdè láyè láti kéde pé ìlànà rẹ̀ dé orí odò àti adágún inú ilẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ jẹ́ kí ìlànà náà dé orí Ouémé ní tòótọ́, kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wa iyanrìn sì mọ ibi tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láti Àjàṣẹ́ títí dé òkè Dogba. Kí ẹ fi ẹnu tí ẹ fi gba ìṣúra 26 bá ilé àkójọ ìwé àwọn ológun Faransé sọ̀rọ̀, kí wọ́n fún wa ní ẹ̀dà àwòrán Topaze, Opale àti Corail, ìwé ìrìn wọn lójoojúmọ́ ní ọdún 1892, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn parí sí. Kí ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìtàn láti Yunifásítì Abomey-Calavi sí àwọn àgbà Dogba, Bonou àti Adjohoun, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí àwọn àgbà náà ń sọ. Àwọn apẹja ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi, nítorí àwọ̀n wọn ló mọ ibi tí nǹkan wà nísàlẹ̀ odò.

Bí àwòrán bá sì dé, kí ẹ jẹ́ kí a kan Topaze tuntun ní ìwọ̀n gidi, kí a sì gbẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn agbẹ́kọ̀ Ganvié, lórí adágún Nokoué, mọ iṣẹ́ yẹn láìsí àwòrán. Kí a gbé méjèèjì kalẹ̀ sí etí odò, níbi tí ọmọ Kétu, ọmọ Abomey àti ọmọ Bassila ti lè fi ọwọ́ kan wọn.

Àkókò tí iṣẹ́ àyẹ̀wò odò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ni Oṣù Kìíní, nígbà tí omi ti fà tí ìsàlẹ̀ odò sì ṣeé dé. Bí òjò bá ti gbérí lọ́dọ̀ wa lókè níbí, àyè yẹn ti ń dí. Mo bẹ̀ yín kí owó iṣẹ́ náà wà nínú ètò ìṣúná tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Ọmọ Manigri kan, ní Bassila.