Ìsinmi Àìsàn: Ẹ̀tọ́ Olùkọ́, Ẹ̀tọ́ Ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìsàn ni a lè wò, kò sí ẹni tí ó lè wo ikú. Ìmọ̀ yìí ni ó wà nídìí ìsinmi àìsàn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba: kí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá rí àkókò tọ́jú ara rẹ̀ kí ọ̀ràn tó bọ́ sórí, kí owó oṣù rẹ̀ má sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dúró. Kò sí olóye ènìyàn tí yóò jiyàn lórí ẹ̀tọ́ yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó ti fáìlì. Fáìlì tí akọ̀wé kò fọwọ́ kàn fún ọ̀sẹ̀ kan yóò wà níbi tí ó wà títí akọ̀wé yóò fi padà dé. Ọmọ tí kò rí olùkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kò rí bẹ́ẹ̀: sáà ẹ̀kọ́ ń sáré, ìdánwò sì ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ètò ìsinmi àìsàn ní àwọn ilé-ìwé ìjọba àti àwọn ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Port Harcourt, àti jákèjádò Ìpínlẹ̀ Rivers, fi yẹ ní ohun tí a ń fi ojú sí. Ó kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ó sì kan àwọn òbí tí wọ́n fi ọmọ sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun tí òfin wí kò ṣòro láti mọ̀. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀. Òfin náà yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n wà ní ipò ìṣàkóso àti ti iṣẹ́ ìmọ̀ sílẹ̀; ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba ni ó dé àwọn yẹn. Nínú èyí tí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde ní 2008, òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá ṣùgbọ́n tí wọn kò dá dúró sí ilé-ìwòsàn lè gba ìsinmi tí kò ju ọjọ́ 42 lọ láàárín oṣù méjìlá. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró sí ilé-ìwòsàn lè gba oṣù mẹ́ta pẹ̀lú owó kíkún. Bí ara rẹ̀ kò bá tíì yá, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìrètí bá wà pé yóò gbádùn, oṣù mẹ́ta mìíràn tún wà pẹ̀lú owó kíkún, lẹ́yìn èyí ni yóò máa gba ìdajì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tirẹ̀, wọ́n sì tún ti ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021. Nítorí náà, ojúṣe olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ni láti béèrè èyí tí ó wà lóde ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí ó sì kà á nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Bí òfin ti dára tó yìí, ọ̀nà méjì ni ó ń gbà bàjẹ́. Ọ̀nà kìíní ni ti ẹni tí kò sí ohun tí ó ṣe é, tí ó fi owó díẹ̀ ra ìwé ẹ̀rí dókítà, tí ó sì gba ọjà tàbí òde àríyá lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jí owó ìjọba, ó ń jí àkókò àwọn ọmọ, ó sì tún ń ba orúkọ ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ jẹ́, nítorí pé ọ̀gá tí wọ́n ti fi irọ́ tàn jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní gba ẹnì kẹrin gbọ́. Ọ̀nà kejì ni a kì í sábà sọ, òun ni ó sì léwu jù. Ó jẹ́ ti olùkọ́ tí àìsàn ń ṣe ní tòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dùbúlẹ̀, wọn yóò ní ọ̀lẹ ni òun, tàbí kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé owó oṣù. Yóò máa wú ikọ́ lójú àwọn ọmọ, yóò máa fi ẹ̀jẹ̀ ríru gun àtẹ̀gùn, títí yóò fi ṣubú. Bí ikọ́ náà bá jẹ́ ikọ́ ife ńkọ́? Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà fi ń lo oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń lò ó déédéé, lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tó kí ó má lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Ìsinmi díẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ ìbá dáàbò bo odindi kíláàsì. Àwọn àjọ àgbáyé mọ èyí: nínú ìmọ̀ràn lórí ipò àwọn olùkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1966, wọ́n ní kí olùkọ́ ní ìsinmi àìsàn pẹ̀lú owó, kí wọ́n sì ro ti olùkọ́ tí ó di dandan kí ó yẹra fún àwọn ọmọ fún ìgbà pípẹ́.

Port Harcourt kì í ṣe ibi tí a ti lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará ìlú náà ti ń ké lórí eruku dúdú èéfín tí ó ń bà lé aṣọ, ilẹ̀ àti ihò imú wọn, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn tí ń fọ epo rọ̀bì lọ́nà àìbófinmu wà lára ohun tí ó fà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dìde gírí sí irú àwọn ibi ìfọpo bẹ́ẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti rí báyìí, ikọ́ àti ìfúnpinpin àyà kì í ṣe àwáwí ọ̀lẹ. Bákan náà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 23 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà, omi ni ó yí ọ̀pọ̀ ìlú ká ní agbègbè bíi Bonny, Opobo àti Andoni. Olùkọ́ tí ibà dá gúnlẹ̀ níbẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí ó wà ní Diobu, tí ó lè dé iwájú dókítà láàárín wákàtí kan. Bí wọ́n bá ní kí aláìsàn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ìwé láti ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì tún gbé e dé olú-ìlú, ìtọ́jú ti di ìyà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti ọmọ. Ọjọ́ 42 jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Sáà ẹ̀kọ́ kan kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13 lọ. Bí olùkọ́ ìṣirò tí ó ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, tí ó ń wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, bá lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀ láàárín sáà, àádọ́rùn-ún ìgbà ni àwọn ọmọ yóò jókòó láìrí i. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ọmọ 35 máa jẹ́ ti olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá da kíláàsì ẹni tí kò sí mọ́ ti ẹni tí ó wà, ó di 70 lójú ẹsẹ̀. Ìjọba Rivers gba olùkọ́ tí ó ju 13,000 lọ síṣẹ́ ní 2013, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ń darúgbó bí gbogbo ènìyàn. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2022 sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti 60 sí 65, ó sì sọ ọdún iṣẹ́ láti 35 di 40. Ọgbọ́n àgbà dára ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ara àgbà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìpínlẹ̀ tí ó bá gba òfin náà wọlé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìsinmi àìsàn yóò pọ̀ sí i.

Kí ni ṣíṣe? Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọba bá wàjà, ààfin kì í ṣófo. Adelé a jókòó títí ọba tuntun yóò fi gorí ìtẹ́. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ètò ìsinmi àìsàn nìyí: olùkọ́ ń gba ààyè, kò sí adelé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ tí ó ti wọ ọdún kẹrin lẹ́nu iṣẹ́ lè gba ọgọ́rùn-ún ọjọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú owó kíkún nígbà àìsàn, àti ọgọ́rùn-ún mìíràn pẹ̀lú ìdajì, àwọn olùkọ́ adelé sì wà tí ilé-ìwé lè ránṣẹ́ pè. Kò sí ẹni tí ó ní kí Rivers ṣe tó bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní ìwé orúkọ àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì tí ara wọn ṣì le, àti ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọn kò tíì ríṣẹ́, kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Kí ó sì di òfin pé ìwé tí ó fún olùkọ́ ní ìsinmi tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ adelé nínú. Ìwé tí kò bá ní i, iṣẹ́ ẹni tí ó fọwọ́ sí i kò tíì parí.

Àwọn ọ̀gá ní ojúṣe tiwọn pẹ̀lú. Ohun tí ó kan ọ̀gá ilé-ìwé ni iye ọjọ́ tí dókítà kọ, kì í ṣe orúkọ àrùn. Òfin ètò ìlera ti 2014 ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Kò tọ́ kí a máa pariwo rẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Kí wọ́n máa kọ ìsinmi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè hàn bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tàbí bí olùkọ́ mẹ́ta ní ilé-ìwé kan náà bá ń wú ikọ́. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ ìwádìí, ti èkejì ń fẹ́ dókítà. Ẹni tí ó bá sì farapa lẹ́nu iṣẹ́, òfin ti 2010 ti pèsè owó ìtanràn fún un. Kí wọ́n má ṣe kà á mọ́ ọjọ́ àìsàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, tí Alúfàá I. O. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, lè ràn wọ́n lọ́wọ́ nípa bíbá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ra ìwé ẹ̀rí wí bí ó ti ń jà fún àwọn tí wọ́n fìyà jẹ. A kì í dá apá kan sí kí a fá apá kan.

Ó ku ti àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, kò sì sí ohun tí ó burú bí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá bá fẹ́ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, tàbí kí ó gba UCH ní Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ ọkọ̀ lóru láìsọ fún ọ̀gá, tí ó lo oṣù méjì nílé láìfi ìwé dókítà kankan ránṣẹ́, kò gba ìsinmi lójú òfin. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ìwà tí ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni èyí. Àgbo ìyá lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè buwọ́ lu ìwé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ìwé ní ilé-ìwòsàn ní Port Harcourt kí ó tó gbéra. Bí àìsàn bá sì ká a mọ́ ilé, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí, kí ó fi ìwé ránṣẹ́ kíákíá, kí ó sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń pàdé lóṣooṣù lè gba iṣẹ́ yìí ṣe fún ẹni tí kò lè dìde.

Ìjọba ti ṣe òfin, ó sì ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti ọdún 2022. Ohun tí ó kù ni kí òfin dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ọjọ́ tí olùkọ́ ní Andoni bá lè dùbúlẹ̀ láìbẹ̀rù, tí adelé rẹ̀ sì ti wà níwájú pátákó kí agogo àárọ̀ tó dún, ọjọ́ náà ni ìsinmi àìsàn tó di ẹ̀tọ́ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ìpalára.