Omorogùn Kan, Ìjábẹ̀ Méjì

Kílò 23 ni wọ́n gbà mí láyè láti dì sínú báàgì nígbà tí mò ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ́nù. Mo ti di ẹ̀wù òtútù tán kí ìyá mi tó ti omorogùn kan àti ìjábẹ̀ méjì bọ àárín wọn.

"Màámi, ṣíbí wà ní Lọ́ńdọ́nù o."

"Mo gbọ́. Ṣé ṣíbí ni wọ́n fi ń ro àmàlà níbẹ̀ ni?"

Mo yọ bàtà mi kan sílẹ̀ kí igi lè ráyè.

Láti ìgbà náà, mo ti ra oríṣiríṣi ẹ̀rọ: èyí tó ń se ìrẹsì, èyí tó ń fún ọsàn, èyí tó ń gé àlùbọ́sà. Kí n tó tú ti àlùbọ́sà fọ̀ tán, ọ̀bẹ mímú kan ì bá ti gé àlùbọ́sà mẹ́rin. Ẹ̀rọ náà ti di ará inú kọ́bọ́ọ̀dù báyìí. Kí wá ni ẹni tó ń dáná nílé nílò gan-an?

Nílé, irinṣẹ́ ìyá mi kò pọ̀, àmọ́ ọwọ́ pọ̀, ààyè sì wà. Àgbàlá ni odó ń gbé, ọmọ méjì-mẹ́ta a sì dìde sí i. Ata ń lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Níbí, ọwọ́ méjì péré ni mo ní, ẹlòmíràn sì ń gbé lábẹ́ ilé mi. Ẹni tó bá gúnyán lórí olórí láàárọ̀ Sátidé, ìjà ló ń wá. Mo fi odó sílẹ̀ fún ilé, mo ra bùlẹ́ńdà.

Bùlẹ́ńdà wúlò, àmọ́ ẹ mọ iná tó ń jẹ. Iná Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì bára mu, nǹkan bí fólítì 230, ẹnu pulọ́ọ̀gì wọn sì rí bákan náà. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ẹ̀gbọ́n mi ra ọ̀kan ní Houston, ó gbé e fún Màámi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló rú èéfín.

Bùlẹ́ńdà tún ní àléébù mìíràn. Ọlọ kì í béèrè omi púpọ̀. Bùlẹ́ńdà kì í yí dáadáa láìsí omi. Bí omi bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀wà, àkàrà á tẹ́ lẹ́bẹ́ nínú epo. Mo ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi omorogùn lù ú títí tí yóò fi wú. Ohun tí àwọn obìnrin tó ń ta acarajé, àkàrà tiwọn, ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ń fi ṣíbí igi ńlá ṣe nìyẹn. Òkúta ni wọ́n fi ń lọ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ̀ ọ́ báyìí, àmọ́ igi kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà.

Ìkòkò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ààrò olókùúta mẹ́ta máa ń di ìkòkò mú; sítóòfù onígíláàsì ń yọ̀. Bí ẹ bá ń ro àmàlà lórí rẹ̀, ìkòkò á máa bá omorogùn yí. Ẹ ra èyí tí ìdí rẹ̀ nípọn, tó ní ọwọ́ gígùn tó lágbára.

Àwọn àgbà ní bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò sọ ẹni tó máa fọ abọ́. Ẹ̀kúnwọ́ ewédú kan, bùlẹ́ńdà á fi ìdajì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ abẹ. Ìjábẹ̀ ń já a nínú ìkòkò tí a ti sè é, ó sì parí.

Ìdájọ́ tèmi nìyí: iṣẹ́ tó gba agbára, ẹ gbé e fún ẹ̀rọ, èyí tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó jinná tàbí tó dán, ẹ fi sílẹ̀ fún igi. Ọ̀bẹ mímú kan, ìkòkò gidi méjì, asẹ́, bùlẹ́ńdà, omorogùn àti ìjábẹ̀ tó.

Ọ̀kan nínú ìjábẹ̀ mi ti gé tán, èkejì kò ní pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ bàtà kan sílẹ̀.