Ọ̀nà Ọrùn Ọwọ́ Dé Inú Ọkàn

Ìyá àgbà kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn ní oṣù tí ó kọjá. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù ni àyà ń dùn lóru, tí wọ́n sáré gbé lọ sí ọsibítù. Ó ní, "Pásítọ̀, àyà ni ó ń dùn ọmọ mi, ọwọ́ ni wọ́n gún. Àbí wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi kọ́ iṣẹ́ ni?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ọ̀nà ni wọ́n gbà níbẹ̀."

Ọkàn ní àwọn iṣan tirẹ̀ tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú ọ̀kan, ibi tí iṣan náà ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sì ni ó níye lórí. Dókítà yóò ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan kan, yóò tì í títí dé ọkàn, yóò fẹ́ bàlúùnù kékeré níbẹ̀, yóò sì fi àgò onírin tí kò tó nǹkan sílẹ̀ kí ọ̀nà má bàa tún pa dé.

Gbòǹgbò itan ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Andreas Gruentzig gbà nígbà tí ó kọ́kọ́ fẹ́ bàlúùnù sínú iṣan ọkàn ní Zurich ní 1977. Iṣan ibẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ó jìn nínú ẹran. Ẹ sì rántí pé wọ́n ti fún aláìsàn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ibẹ̀ bá ń jò, ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ikùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ àrùn ọkàn a tún wá máa bá ẹ̀jẹ̀ dídà jà.

Iṣan ọrùn ọwọ́, níbi tí nọ́ọ̀sì máa ń di mú láti ka bí ọkàn ṣe ń lù, sún mọ́ awọ, egungun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ ó rí i, ẹ ó sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lucien Campeau ti Montreal kọ ìròyìn nípa ọ̀nà yìí ní 1989. Ní Ítálì, ní 2012, ìwádìí kan lórí aláìsàn 1,001 fi hàn pé bíi 9 nínú 100 àwọn tí wọ́n gba itan fún ni àrùn ọkàn pa láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ti ọwọ́ jẹ́ bíi 5. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó dára: ìwádìí mìíràn ní Kánádà ní 2020 kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú iye àwọn tí ó kú. Síbẹ̀, ọwọ́ ni àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ní kí a gbà láti 2017, bí ẹni tí yóò ṣe é bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọ̀nà kẹta tún wà báyìí. Ẹ na àtàǹpàkò yín sókè, ẹ ó rí kòtò kékeré kan ní ìdí rẹ̀, lẹ́yìn ọwọ́. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń da aṣáà sí kí wọ́n tó fà á símú! Ferdinand Kiemeneij, ará Netherlands, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2017. Èrò rẹ̀ ni pé bí iṣan bá dí níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì lè gba ẹ̀ka mìíràn dé àtẹ́lẹwọ́, iṣan òkè yóò sì wà fún ọjọ́ mìíràn, nítorí a lè tún nílò rẹ̀. Ìwádìí 2022 lórí ènìyàn tí ó lé ní 1,300 rí i pé iṣan kò tó ọ̀kan nínú 100 ni ó dí, ì báà jẹ́ kòtò àtàǹpàkò, ì báà jẹ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tètè dá ní kòtò náà, ṣùgbọ́n iṣan ibẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jù pé kí dókítà pa á tì, kí ó wá ibòmíràn. Wọn kò sì mú àwọn tí iṣan ọkàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dí pátápátá wọ inú ìwádìí náà. Ní tèmi, nígbà tí ọkàn ń kú lọ, ibi tí ọwọ́ dókítà ti mọ́ jù ni kí ó gbà.

Màmá wá bi mí pé ṣé ọmọ òun lè fi ọwọ́ náà gbé ẹrù. Mo ní kò gbọdọ̀ gbé ohun wúwo fún ọjọ́ díẹ̀, bí ibẹ̀ bá sì wú tàbí tí ìka rẹ̀ bá tutù, kí ó pe ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́ láago ní alẹ́ ọjọ́ náà.