ÀRÙN ỌKÀN ÀWỌN ÈWE KÌ Í ṢE ỌJÀ TÍTÀ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí yóò dun àwọn kan, ṣùgbọ́n òdodo korò, dandan sì ni kí á sọ ọ́.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá ń gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ ń já láìnídìí, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí inú sì ń run ún ní gbogbo òwúrọ̀ tí ilé-ìwé bá wà, ohun tí à ń gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ: ọ̀lẹ ni, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lágbára, àlùjànnú ló ń bá a jà. Ó di ọ̀dọ̀ àáfà. Àáfà yóò tẹ yanrìn, yóò ta hàǹtú, yóò so tírà mọ́ ọmọ lọ́rùn, yóò gba àgbò. Bí ara kò bá yá, ẹgba ló kàn; lẹ́yìn ẹgba, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn tí ó lé ní 300 jáde nínú ilé kan ní Kaduna. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn, ẹ̀wọ̀n sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Orúkọ Ìsìláàmù ni wọ́n fi bojú nínú ọ̀ràn méjèèjì.

A kò sọ pé kò sí àlùjànnú; Àlùkùránì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí a sọ ni pé kì í ṣe gbogbo àìsàn ni tirẹ̀. Ànábì Yàkúbù sunkún lórí Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun: ṣé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló dínkù ni? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀ a máa tọrọ ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi àníyàn àti ìbànújẹ́. Ó ní kí á wá oògùn sí àìsàn. Ó kọ tírà síso. Ó sì di ẹ̀bi ru ẹni tí ó ń wo aláìsàn láìní ìmọ̀ ìwòsàn. Kí ni àwọn onítírà yóò wí sí èyí?

Ẹ má sì sọ pé ìmọ̀ òyìnbó ni. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé lórí ìlera ara àti ti ọkàn. Ó ya ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, ìbínú àti wáswáàsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ṣàlàyé ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àrùn yìí kì í sábà dá rìn. Àníyàn tí a kò tọ́jú a máa fa ìrẹ̀wẹ̀sì wọlé. Ìrẹ̀wẹ̀sì a máa ti ọmọ sínú igbó mímu àti tramadol. Nígbà mìíràn, ọmọ a máa ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹgba wo ni yóò wo èyí sàn?

Abúlé kò sì ní kí ìwòsàn má ṣe é ṣe. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní Árò, ní Abẹ́òkúta: nígbà náà, aláìsàn a máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nínú ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé, a sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn.

Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ sọ èyí nínú kùtùbá. Ẹ̀yin àáfà, ẹ ju ẹgba sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣe àdúà, ẹ ka Àlùkùránì fún ọmọ yín, ṣùgbọ́n owó àgbò yẹn, ẹ fi wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ fi nínú owó jáká ran àwọn tálákà tí kò rí owó oògùn san lọ́wọ́.

Ohun tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ wa ni ọmọ jẹ́. A ó jíhìn rẹ̀ ní ọjọ́ àjíǹde. Kí Ọlọ́hun tọ́ wa sí ọ̀nà tí ó tọ́. Àmín.