Owó ló ń lé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, a ti gbé e padà wá sí Kétu. Dókítà ò ní kó máa lọ. Owó wa ló tán! Kò tíì lè gbé omi mì dáadáa, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa irú wọn. Ṣé àpò ọmọ ló yẹ kó ka ọjọ́ tí bàbá máa lò nílé ìwòsàn ni?

Bí èèyàn kú, a ó pa màlúù, a ó ra aṣọ ẹbí. Bó bá ń ṣàìsàn, a ó máa wojú ara wa. Ìtìjú ni! Kí ẹgbẹ́ dá àpò ìtọ́jú sílẹ̀ lọ́dún yìí. Kí àwọn ọba wa sì bá ìjọba sọ ọ́: a fẹ́ ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn nítòsí wa. Ẹ má jẹ́ ká dúró de òkú ká tó náwó.