Kí CorelDRAW padà sórí Linux

Ọ̀pọ̀ káàdì ìgbéyàwó àti pósítà òkú tí ẹ ń rí láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, CorelDRAW ni wọ́n fi ṣe é, lórí Windows. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kò lágbára láti gba Windows 11. Linux, tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, ì bá gba àwọn atẹ̀wé sílẹ̀, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Àmọ́ ta ni yóò lò ó nígbà tí irinṣẹ́ tó fi ń jẹun kò sí níbẹ̀?

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ní ọdún 2000, Corel fúnra wọn ṣe CorelDRAW 9 fún Linux, kí wọ́n tó pa á tì. Inkscape wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2003, a sì kí àwọn tó ṣe é. Ó tilẹ̀ lè ṣí iṣẹ́ tí a fi Corel ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́tà lè dà rú, àwọ̀ lè yí padà, oníbàárà tó fẹ́ gba káàdì lọ́la kò sì ní gbọ́ àwáwí.

Èrò tiwa ni pé kí àwọn tó ni CorelDRAW tún gbé e jáde fún Linux, ní iye tí atẹ̀wé Màpó lè fi náírà san.